Abẹ́rẹ́ ìdínà ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọyàn: èwo ló bá ilé ìwòsàn Àkúrẹ́ àti Oǹdó mu?

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun tí etí wa ti mọ̀ jù ni pé kí obìnrin máa fọwọ́ yẹ ọyàn ara rẹ̀ wò, kí ó sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan kókó. Ìkìlọ̀ yìí délé dóko láàárín ọdún 2017 sí 2023, nítorí pé ìyàwó gómìnà ìgbà náà, Betty Anyanwu-Akeredolu, jẹ́ ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí tí ó sì rù ú là, òun náà ló sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún 1997 láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀nba wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ọyàn náà, nígbà tí oògùn oorun bá dá lójú aláìsàn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ gbogbo ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Láti ọdún 2011 ni àwọn dókítà akunnilóorun káàkiri ayé ti ń ṣe àríyànjiyàn lórí abẹ́rẹ́ tó dára jù láti fi dí iṣan ìmọ̀lára àyà lọ́nà kí ìrora náà má bàa délé. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà, ṣùgbọ́n bí a ṣe máa dáhùn rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdí àkọ́kọ́ ni irú iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣe. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ ọyàn wò déédéé, ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́ pé kókó kékeré nìkan ni wọ́n máa yọ, wọn a sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ní orílẹ̀-èdè yìí, níbi tí àjọ àgbáyé tó ń ka iye aláìsàn jẹjẹrẹ ti fojú díwọ̀n pé ó lé ní 28,000 obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọyàn ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Obìnrin tó ti Ìdànrè, Ìkàrẹ́ tàbí Òkìtìpupa wá sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, tàbí tó gba ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ lọ, lè ti lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àgúnmu, kí ó tó gbà pé kókó náà kò lọ. Nígbà tó bá fi máa dé, gbogbo ọyàn ni wọ́n máa gé, wọ́n á sì kó àwọn kókó inú abíyá mọ́ ọn. Ọgbẹ́ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ máa ń gùn láti ẹ̀gbẹ́ egungun àyà títí wọ abíyá, wọ́n á sì ti rọ́ọ̀bà tí omi ara ń gbà jáde bọ inú rẹ̀.

Ìrora tó ń tẹ̀lé e kì í ṣe ohun tí a lè fi ọ̀rọ̀ ìyànjú lé lọ. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa sọ fún obìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì pé ẹni tó ti rọbí tó sì bímọ kò yẹ kó máa ké nítorí ọgbẹ́ àyà, bí ẹni pé ìrora ọmọ bíbí jẹ́ owó tí a san tẹ́lẹ̀ fún gbogbo ìrora tó kù láyé. Ẹni tí àyà ń ro kì í lè mí kanlẹ̀, kì í lè wúkọ́ kí ikun inú ẹ̀dọ̀fóró jáde, kì í sì fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ àìdìde náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Bí kò bá gbé apá sókè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èjìká lè gan, ẹni tí èjìká rẹ̀ bá sì gan kò ní lè gúnyán, kò ní lè wé gèlè fúnra rẹ̀, kò sì ní lè gbé igbá ọjà lérí. Ìrora náà sì lè má lọ bọ̀rọ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Denmark, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009, bi àwọn obìnrin tó lé ní 3,000 léèrè ní ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì sọ pé ìrora ṣì wà lára àwọn. Àwọn tí wọ́n kó kókó inú abíyá wọn wà lára àwọn tó ṣeé ṣe jù kí ó ṣẹlẹ̀ sí, àwọn yẹn gan-an ló sì pọ̀ jù láàárín tiwa.

Kí a tó fi abẹ́rẹ́ kan wé èkejì, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ìrora ń gbà. Awọ ọyàn àti ara inú rẹ̀ ń gba ìmọ̀lára láti ọ̀dọ̀ àwọn iṣan tó ń jáde lára ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ìkejì sí ìkẹfà nínú àwọn ti àyà, tí wọ́n ń gba abẹ́ egungun ìhà yípo wá síwájú. Àwọn ẹran ńlá méjì tí ọyàn jókòó lé lórí kò sí lábẹ́ wọn, ọrùn ni àwọn iṣan tiwọn ti ń wá. Iṣan kan tún wà tó la abíyá kọjá lọ sí inú apá lókè. Òun ni wọ́n sábà máa ń fà tàbí gé nígbà tí wọ́n bá ń kó kókó inú abíyá, òun ló sì ń mú kí obìnrin máa sọ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ pé abẹ́ apá òun kú bí ẹni pé kì í ṣe ara òun. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tó bá dí ti ọ̀pá ẹ̀yìn nìkan fi ti ọrùn sílẹ̀, èyí tó bá sì dí ti iwájú àyà nìkan lè máà dé ẹ̀gbẹ́ egungun àyà ní àárín.

Àgbà nínú àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní paravertebral. Dókítà ará Jámánì kan, Hugo Sellheim, ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1905; wọ́n pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn dókítà méjì kan tó jí i dìde ní ọdún 1979. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gún un, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn iṣan náà ti ń yọjú jáde. Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ má wọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, a lè dúró sí oríta ńlá kan kí a dí i níbẹ̀, a sì lè lọ dí àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké tó wọ inú ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti oríta ni paravertebral. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ó sì ní ẹ̀rí ìwádìí lẹ́yìn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Bí abẹ́rẹ́ bá jìn jù, ó lè lu awọ náà kí afẹ́fẹ́ sì wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún aláìsàn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ń mọ̀ ọ́n ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tún lè lọ sílẹ̀ jù, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò sì dára fún un, nítorí pé ibi tí wọ́n gún jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà níbẹ̀ a kò lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2011, dókítà ará Sípéènì kan, Rafael Blanco, sọ ọ̀nà mìíràn tó pè ní PECS. Iwájú ni èyí ti ń wọlé, aláìsàn á sì dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe wà. Dókítà á fi ẹ̀rọ síkáànù wo ẹran ńlá méjèèjì tó wà lábẹ́ ọyàn, á sì da oògùn sí àárín wọn kí ó lè dí àwọn iṣan tó ti ọrùn wá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni ó fi abala kejì kún un, tí wọ́n ń da oògùn tó pọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ ẹran kejì, lórí ẹran tó bo egungun ìhà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó lè kan àwọn iṣan ìhà àti ti abíyá. Ní 2013 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n ń pè ní serratus, èyí tó wọ ẹ̀gbẹ́ ju PECS lọ. Nígbà tó di 2016, dókítà Forero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà kọ̀wé lórí erector spinae, tí wọ́n ń gún láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dúró lórí egungun láì wọ inú bíi ti paravertebral. Tayọ̀tayọ̀ ni àwọn èèyàn fi gba èyí tó kẹ́yìn yìí nítorí pé ó rọrùn, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bani. Láàárín ìwọ̀nba ọdún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi kan lára tí wọn kò lò ó fún. Èmi rò pé ìrọ̀rùn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra ńkọ́? Bí a bá kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, gbogbo wọn ló dára ju kí a má fún aláìsàn ní ohunkóhun lọ. Láàárín PECS alábala méjì àti paravertebral, ìyàtọ̀ ìrora tí àwọn aláìsàn ń sọ ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé mẹ́wàá, kéré débi pé obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní mọ̀ ọ́n. Àwọn ìwádìí kan sọ pé PECS borí ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, àwọn mìíràn sọ pé paravertebral pẹ́ jù ú lọ. Ti erector spinae ni kò lọ bí wọ́n ṣe rò. Ó ń dín iye morphine tí aláìsàn ń lò kù díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ PECS lẹ́yìn gígé ọyàn, PECS ló sábà máa ń ṣe dáadáa jù. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé oògùn tí a dà sí ẹ̀yìn lórí egungun ní láti wá ọ̀nà ara rẹ̀ dé ibi tí àwọn iṣan wà, kì í sì í débẹ̀ bákan náà lára gbogbo èèyàn. Àwọn iṣan tó ti ọrùn wá kò sì sí lọ́nà rẹ̀ rárá. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ PROSPECT, tí ó kó àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ àti akunnilóorun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, gbé ìmọ̀ràn jáde pé kí paravertebral jẹ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ abẹ ọyàn ńlá, kí PECS dípò rẹ̀ níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, kí oníṣẹ́ abẹ sì lè fi oògùn sí ojú ọgbẹ́ ní àfikún. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn pẹ̀lú pé kí gbogbo aláìsàn gba paracetamol, oògùn bíi ibuprofen tàbí diclofenac, àti dexamethasone, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, ẹ̀ẹ̀kan, kí morphine àti irú rẹ̀ wà fún ìrora tó bá ṣẹ́kù.

Ìrètí kan wà tẹ́lẹ̀ pé ìdínà iṣan lè jẹ́ kí jẹjẹrẹ má padà wá. Wọ́n dán an wò lára obìnrin tó lé ní 2,100 ní ilé ìwòsàn 13 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, èsì sì jáde ní 2019: nínú àwọn tó gba paravertebral àti àwọn tí kò gbà á, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà padà sí lára ní apá méjèèjì. Ìwádìí kan náà kò rí i pé abẹ́rẹ́ náà dín ìrora ọlọ́jọ́ gbọọrọ kù. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta abẹ́rẹ́ yìí fún aláìsàn bí oògùn jẹjẹrẹ. Ìrora àwọn wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ yẹn nìkan sì tó ìdí láti lò ó.

Tí a bá wá gbé gbogbo èyí wá sí ilé, èrò mi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti PROSPECT. Ní àyíká wa, ọwọ́ tó mọ paravertebral gún kò pọ̀, àwọn dókítà akunnilóorun ń kó lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́, àwọn tó ṣẹ́kù sì ń sáré láti obìnrin tí wọ́n fẹ́ gbẹ́bí rẹ̀ dé ẹni tí ọkọ̀ gbá ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá gba kí a jókòó aláìsàn tàbí kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́, tó sì bá ẹ̀dọ̀fóró dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. PECS alábala méjì ló yẹ kí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tiwa, kí paravertebral wà lọ́wọ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa, pàápàá fún arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún láì kùn ún lóorun kanlẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé síkáànù tí PECS nílò kò sí nínú gbogbo tíátà, pé èyí tó wà ní apá ibi tí wọ́n ti ń yẹ aboyún wò kì í ráàyè jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa gígé ọyàn tí kò sí nínú iṣẹ́ abẹ mìíràn: bí wọ́n bá ti gbé ọyàn kúrò, àwọn ẹran méjèèjì náà á wà níta gbangba lójú oníṣẹ́ abẹ. Òun fúnra rẹ̀ lè fi abẹ́rẹ́ da oògùn sí àárín wọn àti sí abẹ́ èkejì kí ó tó rán ọgbẹ́ náà pa, ó sì lè fojú rí iṣan abíyá kí ó sì fi oògùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti dán ọ̀nà yìí wò níbòmíràn, ó sì ń dín ìrora kù. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ran aláìsàn lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́, torí òpin ni wọ́n ń fún un. Síbẹ̀ kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná mànàmáná, kò sì gba ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀nà tó rọrùn tó báyìí kò tíì di àṣà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gé ọyàn.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ni ìwọ̀n oògùn. Bupivacaine ni oògùn ìdínà iṣan tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kọjá sì ni miligíráàmù méjì fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n. Obìnrin tó wọ̀n kílò 60 lè gba miligíráàmù 120. PECS alábala méjì sábà máa ń gba mililítà mẹ́wàá lókè àti ogún nísàlẹ̀. Tí ó bá jẹ́ oògùn olójú 0.25, tí miligíráàmù méjì ààbọ̀ wà nínú mililítà kan rẹ̀, miligíráàmù 75 nìyẹn. Bí oníṣẹ́ abẹ kò bá mọ̀ pé akunnilóorun ti fún un ní ìyẹn, tí òun náà sì tún fa mililítà ogún ti olójú 0.5, tó le ní ìlọ́po méjì, sí ojú ọgbẹ́, miligíráàmù 100 mìíràn ti wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ sì ti di 175. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé àìsàn ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí rù, ẹni tó bá sì wọ̀n kílò 45 kò gbọ́dọ̀ kọjá 90. Bí oògùn náà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, etí á máa hó, ẹnu á kú, aláìsàn á máa tọ́ nǹkan bí irin wò lẹ́nu, gìrì lè gbé e, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró. Bó bá wà lójú oorun, gbogbo àmì àkọ́kọ́ yẹn kò ní hàn. Oògùn ọlọ́ràá funfun tí wọ́n máa ń fi bọ́ aláìsàn láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ẹni bẹ́ẹ̀ là, mililítà kan ààbọ̀ fún kílò kan ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Tíátà tí kò bá ní in ní àrọ́wọ́tó kò tíì múra tán.

Ọ̀rọ̀ morphine àti tramadol tún mú kí abẹ́rẹ́ yìí ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún tramadol lọ́rùn ní ọdún 2018 nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó ní ìlòkulò, ẹbí aláìsàn mìíràn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá, wọ́n á ní kí wọ́n má sọ ìyá àwọn di ajòògùn. Morphine kì í fìgbà gbogbo wà, bí ó bá sì wà, ẹ̀rù pé mímí aláìsàn á dínkù ní wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì ń tọ́jú èèyàn tó pọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fún un tó. Pentazocine ni wọ́n sábà máa ń gún, òun náà sì máa ń mú èébì àti òòyì wá. Gbogbo miligíráàmù tí ìdínà iṣan bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀ ló ní èrè.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kì í pẹ́ títí. Bupivacaine tí wọ́n fún ẹnìkan ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lè tán láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, dexamethasone sì lè fi wákàtí díẹ̀ kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Ìyẹn ni pé ìrora á dé lálẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, fún obìnrin tó ti ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀sán pé òun kò mọ nǹkan kan lára. Ohun tó yẹ ni kí paracetamol ti bẹ̀rẹ̀ láti inú tíátà, kí wọ́n sì máa fún un ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà yálà ó ń ro ó tàbí kò ro ó, kí ibuprofen tàbí diclofenac tẹ̀lé e bí kíndìnrín rẹ̀ bá dára tí kò sì ní ọgbẹ́ inú. Ní ilé ìwòsàn tí ẹbí ti ń ra oògùn fúnra wọn, kí wọ́n bi dókítà akunnilóorun léèrè kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé wọ́n máa dí iṣan àyà, ta ló máa ṣe é, aago mélòó ni ó sì ṣeé ṣe kó tán, kí wọ́n sì ra gbogbo ohun tó wà nínú ìwé oògùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.